Ta ni baálẹ̀ CocoCay? Ọjọ́ kan pẹ̀lú Màmá ní erékùṣù àdáni àwọn ọlọ́kọ̀ afẹ́

Ọmọ_Alárè (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:42 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù tó kọjá ni mo béèrè lọ́wọ́ yín níbí bóyá kí n mú Màmá, ẹni ọdún 71, wọ ọkọ̀ afẹ́ lójú òkun. Ẹ pín sí méjì. Àwọn kan ní kí n má ṣe gbé àgbàlagbà sórí omi, àwọn kan ní ṣebí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Florida ló ń sanwó, kí n jẹun kí n dákẹ́. Mo jẹun. A ti dé, ìròyìn tí mo ṣèlérí nìyí.

Òru mẹ́ta la sùn nínú ọkọ̀. Port Canaveral la ti wọ̀ ọ́, ó gbé wa dé Nassau tí í ṣe olú ìlú Bahamas, ó sì gbé wa dé CocoCay lọ́jọ́ kejì ẹ̀. CocoCay yìí ni mo fẹ́ sọ. Erékùṣù kékeré kan ni nínú àwọn erékùṣù Berry, Little Stirrup Cay lorúkọ rẹ̀ látijọ́. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ Royal Caribbean ló wà, èrò inú ọkọ̀ wọn nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ná mílíọ̀nù 250 dọ́là lé e lórí, wọ́n wá ṣí i lákọ̀tun ní 2019.

Nígbà tí a jí, ọkọ̀ ti dúró gbọnin létí afárá. Ẹ sáà wo ilé alájà mẹ́rìndínlógún tó gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé. A fi káàdì ọkọ̀ kan ẹ̀rọ, ó ké pìì, a sọ̀kalẹ̀. Bí ẹsẹ̀ wa ṣe kan ilẹ̀ báyìí, Màmá dúró. Ó tún gèlè ṣe. Ó ní, "Ta ni baálẹ̀ ibí?"

Mo ní kò sí baálẹ̀.

Ó ní, "Ìlú wo ni kò ní baálẹ̀? Ṣé ká kàn wọlé onílé bí ewúrẹ́ ni?"

Mo ṣàlàyé títí pé ilé iṣẹ́ ló ń mójú tó o. Kò gbọ́. Ọmọkùnrin kan, ọmọ Philippines, dúró níbẹ̀ tó ń pín táwẹ́ẹ̀lì. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba nǹkan, Màmá wá gbà pé òun ni ẹni ńlá ibẹ̀. Ó tẹ orókún ba díẹ̀, ó ní, "A dé o, ẹ kú ilé." Ọmọ náà tẹrí ba, ó fún un ní táwẹ́ẹ̀lì méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́, ibẹ̀ dára. Yanrìn wọn funfun bíi gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Omi dé mi láyà, mo sì ń ka ìka ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Àga gbọọrọ tí èèyàn ń nà lé lọ́fẹ̀ẹ́ ni, agboòrùn etí òkun náà lọ́fẹ̀ẹ́. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà, Oasis Lagoon, omi tí kò níyọ̀ ni, wọ́n ní òun ló tóbi jù ní gbogbo Bahamas. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ọkọ̀ gbọọrọ kan tún wà tó ń gbé àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn yí ká, Màmá wọ̀ ọ́ nígbà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀ kò sí ibi tó ń lọ.

Ohun tí wọ́n ń gbowó lé pọ̀ náà o. Ọgbà eré omi wọn, owó ni. Ibẹ̀ ni òpó ìyọ̀tẹ̀rẹ́ kan wà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 135. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gùn ún, ó sọ̀kalẹ̀ tán kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bálùùnù ńlá kan wà tó ń gbé èèyàn lọ sókè tó ẹsẹ̀ bàtà 450, wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Màmá wò ó, ó ní, "Ohun tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kó má baà sá, èmi wá ni kí n kó sínú rẹ̀?"

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a jókòó lábẹ́ igi àgbọn. Ó ti dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi mí pé, "Ibojì wọn dà?"

Mo ní ibojì ta ni?

Ó ní, "Ti àwọn ará ibí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò. Kò sí ibojì, kò sí ọmọdé tó ń gbálẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá ara wọn jà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò kú sí, báwo ni wọ́n ṣe ń pè é nílùú?"

Ọ̀rọ̀ tún kù, nítorí ọjà wọn ni nǹkan ti wá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìnáwó pọ̀ nílùú lónìí, aṣọ ẹbí mi sì wà lọ́wọ́ alágbàlọ̀. Mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́.

---

Ìyá_Ìkẹ́nẹ́
8:20 àárọ̀

Ẹ̀rín pa mí o! Màmá kí alágbàṣe bí ẹní kí ọba. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní èmi náà ìbá béèrè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ikùn. Kí ni wọ́n jẹ? Wọ́n mú gàrí lọ ni àbí wọn ò mú un lọ? Kò sí Ìjẹ̀bú tó máa rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láìmú gàrí dání, ẹ má parọ́ fún mi.

---

Bọ̀dé_Ṣágámù
8:33 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn àjò. Ẹ dákun, ìwé ìrìnnà wo lẹ lò? Mo gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í lo páàsìpọ́ọ̀tù rárá, ìwé ọjọ́ ìbí lásán ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ yẹn. Ṣé àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀?

---

Ẹlẹ́ja_Ìwópin
9:05 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi. Ṣé omi lẹ lọ wò ní Amẹ́ríkà? Omi tó wà níwájú ilé mi ní Ìwópin kò ní ibodè. Mo jí lónìí, mo ti na àwọ̀n, mo ti kó o, ẹja tí mo kó ti wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ẹ fún mi ní ìdá mẹ́wàá owó yẹn, màá fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé Màmá yí ọ̀sà ká, màá sì mú wọn lọ kí baálẹ̀ gidi tó lè fún wọn lóbì.

Erékùṣù tí wọn kò ti jẹ́ kí ará ìlú wọ̀, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí inú ọgbà olówó?

---

Lọ́láadé_Ọ̀dọ̀gbólú
9:41 àárọ̀

Ẹlẹ́ja, ẹ̀yin ẹ lómi lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjúoró bo ìdajì rẹ̀, ilé iṣẹ́ bébà tó yẹ kó gbé Ìwópin ga sì ti kú síbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó rí ibòmíràn sọ ọ́.

Bọ̀dé, gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ ìwé ọjọ́ ìbí yẹn, ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ló wà fún, nínú ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sí èbúté Amẹ́ríkà. Ọmọ Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Páàsìpọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, físà Amẹ́ríkà rẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí o lè fi wọlé léraléra. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan péré ni, o ti lò ó tán nígbà tí o kọ́kọ́ dé. Ọkọ̀ á gbé ẹ jáde, kò ní sí ohun tí o máa fi padà wọlé. Ti Bahamas fúnra rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lójú ìwé kí o tó sanwó. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú gbọ́.

Ojú mi ti rí i. Aṣojú kan tí n kò ní dárúkọ sọ fún mi pé mo ti sanwó tán. Mo dé ibẹ̀, owó orí èbúté wà lọ́tọ̀, ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́ wà lọ́tọ̀, ó lé ní dọ́là 15 lójúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́rin ni a lọ, ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ bá mi ṣírò.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé a ò dé erékùṣù náà rárá. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbé wa lọ kò ní afárá nígbà náà. Ọkọ̀ ńlá á dúró sójú agbami, ọkọ̀ kékeré á máa kó èèyàn lọ sí etí ilẹ̀. Ìjì dé láàárọ̀, ìgbì ń gbé ọkọ̀ kékeré yẹn bí ẹni ń fẹ́ ìrẹsì, ọ̀gá ọkọ̀ ní kò ṣeé ṣe. Èmi tí mo ti fi òróró para! Mo jókòó sójú fèrèsé, mò ń wo àgbọn ní òkèèrè bí ẹni ń wo ẹran nínú ìkòkò olóhun. Owó èbúté nìkan ni wọ́n dá padà.

---

Bọ̀dé_Ṣágámù
9:50 àárọ̀

Háà. Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Ti ẹ̀ẹ̀kan ni tèmi. Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó.

---

Alásè_Orí_Omi
11:16 àárọ̀

Mo kí gbogbo ilé. Ìpẹru ni wọ́n bí mi sí, ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìdáná nínú ọkọ̀ afẹ́. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sanwó mi pé.

Ẹlẹ́ja béèrè ohun tó yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ erékùṣù, aago mẹ́rin ìdájí la ti ń jí. Níbi tiwa, inú ọkọ̀ ni gbogbo oúnjẹ ti ń wá: adìyẹ tí a ti rẹ sínú èròjà látàná, búrẹ́dì, yìnyín lápò-lápò, títí dé ṣíbí. A kó o sínú ọkọ̀ kékeré, a gbé e lọ sílẹ̀, a tan èédú, àwọn àlejò sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ wo oúnjẹ erékùṣù!" Oúnjẹ àná ni, inú ọkọ̀ ló ti wá. Nírọ̀lẹ́ a tún kó àwo padà. Oṣù mẹ́jọ ni àdéhùn mi nígbà yẹn, kò sí ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tó pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo fẹsẹ̀ kan omi erékùṣù yẹn.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn erékùṣù tiwọn, ẹ rò ó bí oníṣòwò. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Nassau, àlejò á bọ́ sígboro, á wọ takisí ẹlòmíràn, á jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní erékùṣù wọn, káàdì ọkọ̀ náà ni o ń nà kiri láti àárọ̀ dalẹ́. Ọtí tí o mu lábẹ́ àgbọn, inú àpò kan náà ló ń wọ̀.

Ẹni tó bá wo ìdí ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ Royal Caribbean yóò rí "Nassau" tí wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Amẹ́ríkà ni ọ́fíìsì wọn wà, ṣùgbọ́n Bahamas ni wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀.

---

Ẹlẹ́ja_Ìwópin
11:30 àárọ̀

Ọpẹ́ o, àbúrò mi. Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Ọjà oníṣòwò kan ṣoṣo.

---

Tíṣà_Àgọ́_Ìwòyè
1:08 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé Royal Caribbean ló pilẹ̀ ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ afẹ́ Norwegian ló kọ́kọ́ gba erékùṣù fún àwọn èrò tirẹ̀, ní 1977, Great Stirrup Cay, tó wà nítòsí gan-an sí èyí tí Ọmọ_Alárè lọ. Iná atọ́nà àwọn atukọ̀ kan wà níbẹ̀ láti 1863. Holland America ra Little San Salvador ní 1996, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Half Moon Cay. Disney ń kó èrò lọ sí Castaway Cay láti 1998. Gorda Cay ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń kó oògùn olóró kọjá ló ń fi pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀ balẹ̀. Ti MSC, Ocean Cay, èyí tí wọ́n ṣí ní 2019, ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn inú òkun tà ni tẹ́lẹ̀, èèyàn ló kó ilẹ̀ rẹ̀ jọ. Gbogbo wọn, Bahamas ni. Tí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ ẹ ó rí ìdí rẹ̀: wọ́n ju 700 erékùṣù lọ, díẹ̀ nínú wọn ni èèyàn ń gbé, ẹ̀bá Florida sì ni.

Ìbéèrè Màmá nípa ibojì kò jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án yìí. Ibì kan wà tí ó tún le ju ti CocoCay lọ: Labadee ní Haiti. Ọdún 1986 ni ọkọ̀ Royal Caribbean bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró ní 2025. Kì í ṣe erékùṣù rárá, ilẹ̀ Haiti ló so mọ́, ọgbà ni wọ́n fi pa á láàlà. Nígbà tí ilẹ̀ ríri wó Port-au-Prince ní oṣù kìíní 2010, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ fi tún gúnlẹ̀ sí Labadee. Àwọn kan bú wọn pé ẹ ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn ń kú. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní àwọn kó ẹrù ìrànlọ́wọ́ wá, àti pé iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ ni àwọn ń dáàbò bò. Èmi ò tíì mọ ẹ̀gbẹ́ tí màá gbè sí títí dòní. Ebi kì í mọ ọ̀fọ̀. Ẹni tó ń ta ère igi níbẹ̀ yóò fẹ́ kí ọkọ̀ dé.

---

Ìyá_Ìkẹ́nẹ́
3:15 ọ̀sán

Tíṣà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dúró de ọ̀rọ̀ gàrí.

---

Ọmọ_Alárè
7:58 alẹ́

Mo ti dé. Ìnáwó dára, ìkọ́kọrẹ́ tán kó tó kàn mí, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Ìyá_Ìkẹ́nẹ́, gàrí lọ. Láílọ́nù mẹ́ta, wọ́n dì í mọ́ àárín aṣọ bí ohun ìṣúra. Inú yàrá ọkọ̀ ló dúró sí. Lọ́jọ́ erékùṣù, àwọn bágà, adìyẹ sísun, pòtétò díndín àti èso ni wọ́n gbé fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá jẹ adìyẹ, ó ní kò ní ata, ó jẹ méjì. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, ó da omi yìnyín sí gàrí nínú ife tí wọ́n fi ń mu tíì.

Lọ́láadé, ti ìjì yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní CocoCay tó ní afárá pàápàá, tí atẹ́gùn bá le jù, ọkọ̀ á yí imú padà. Oríire la ṣe.

Ó wá kan ọjà. Nígbà tó kù bíi wákàtí méjì kí ọkọ̀ ṣí, a yà sí ibi tí àwọn ará Bahamas ti ń ta nǹkan. Ìsọ̀ kékeré kékeré ni, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ mèremère. Fìlà, àpò, apẹ̀rẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi hun gbogbo rẹ̀. Màmá gbé apẹ̀rẹ̀ kan, ó yí i sódì, ó fi èékánná tọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ híhun. Ìyá rẹ̀ hun ẹní nígbà ayé rẹ̀, nítorí náà ìdí ló kọ́kọ́ ń wò. Ó ní, "Ọwọ́ àgbà ló hun èyí."

Obìnrin tó ni ìsọ̀ sanra díẹ̀, ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó ní erékùṣù Great Harbour Cay tó wà nítòsí lòun ń gbé, ọkọ̀ ló ń gbé àwọn wá láàárọ̀ tó ń gbé àwọn padà nírọ̀lẹ́. Mò ń túmọ̀ fún wọn. Màmá ní kí n bi í bó ṣe ń rówó ra ọjà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní báńkì kò mọ òun, "asue" lòun ń dá.

Mo ní kí ni asue?

Ó ní àwọn mẹ́wàá ni, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn ń dá iye kan náà, ẹnì kan á kó o lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí á fi kárí.

N kò tíì túmọ̀ rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni Màmá gbọ́ nínú gbogbo òyìnbó tí obìnrin náà sọ. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Kí ló pè é? Èésú? Èésú ló wí?" Ó na ìka mẹ́wàá sókè, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà ń mi orí, òun náà ń ká tiẹ̀. Ẹ̀yin tó mọ Màmá mọ̀ pé láti 1986 ni wọ́n ti jẹ́ olórí èésú lọ́jà. Wọ́n di ara wọn mú lójú mi. Mo ra fìlà kan tí n kò nílò.

---

Ẹlẹ́ja_Ìwópin
8:10 alẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi dákẹ́.

---

Tíṣà_Àgọ́_Ìwòyè
8:26 alẹ́

Kì í ṣe àfijọ lásán. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń dá ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n sì ń já àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Bahamas. Yorùbá wà nínú wọn. Adúgbò kan wà ní Fox Hill, Nassau, tí wọ́n ń pè ní Nango Town, Nàgó ni, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá nígbà náà. Asue wọn, èésú wa ni. "Susu" tí àwọn ará Trinidad ń dá, ìyẹn náà ni. Ọ̀rọ̀ náà rọ́ díẹ̀ lẹ́nu, ìṣirò rẹ̀ kò rọ́.

---

Lọ́láadé_Ọ̀dọ̀gbólú
8:31 alẹ́

Èmi tí mo wo àgbọn lójú fèrèsé. Ẹ ò rí ayé mi.

---

Ẹlẹ́ja_Ìwópin
8:40 alẹ́

Ọmọ_Alárè, ẹ bá mi bi Màmá léèrè ohun kan. Ṣé wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan ti jẹ èésú náà rí?

---

Ọmọ_Alárè
9:02 alẹ́

Wọ́n jókòó tì mí níbí. Wọ́n ní ohun tí àwọn kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀rẹ́ òun tímọ́tímọ́ ló kó o, ó sì sá lọ sí Miami.

Màmá ní ibẹ̀ ni ọkàn òun ti balẹ̀ pé èésú ni lóòótọ́.